Ojú Tí Kò Lè Rẹ́rìn-ín

Aṣọ ọmọdé ni Àlímátù ń tà ní Láfẹ́nwá. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Mùsílíù, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ẹni tó kù tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ni Bùsírátù, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà ọmọge wọn ni wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán nínú abọ́ kan náà.

Lọ́dún tó kọjá, ìpéǹpéjú Àlímátù bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ á dá ṣáká. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, oúnjẹ á sì ṣòro gbé mì. Nítorí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, àwọn oníbàárà ní ó ti ń gbéra ga. Nígbà tí ọmọ Bùsírátù bímọ, wọ́n gbé ìkókó náà wá sí ìsọ̀ nírọ̀lẹ́. Àlímátù fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ eyín lásán ló yọ, bí ẹni tó fẹ́ gé èèyàn jẹ.

Bùsírátù gba ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ìyá Mùsílíù, tí inú ẹ ò bá dùn sí tèmi, ṣebí o lè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Àlímátù fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Láti ọjọ́ náà ni kálukú ti ń dá jẹun.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní awò ojú, wọ́n fún un ní oògùn ibà, àmọ́ àìsàn náà kò gbọ́. Níkẹyìn, Mùsílíù mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Lois.

"Ìyá, ohun tó yẹ kó máa bá àrùn jà nínú ara yín ló ń bá ara yín jà. Ibi tí ọpọlọ ti ń ránṣẹ́ sí iṣan ló ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ ojú àti ẹnu yín bí ọjọ́ bá ti ń lọ."

"Ta ló ṣe é sí mi?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe é, Ìyá. Ara yín ni kò dá yín mọ̀ mọ́. Kì í sábà lọ tán, àmọ́ oògùn á ràn yín lọ́wọ́. Kì í sì í ràn ẹlòmíràn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí oògùn ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, Àlímátù lọ ro gbogbo rẹ̀ fún Bùsírátù. Omi lé ròrò sójú Bùsírátù.

"Mo ṣì ẹ́ gbọ́. Ọlọ́run á fún ẹ ní àlàáfíà."

Lọ́sàn-án, Bùsírátù gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá, nínú ọ̀rá lọ́tọ̀. Etí tábìlì ló gbé e sí.

"Kì í ràn, Bùsírátù."

"Mo gbọ́," ni ó wí, ó sì padà sí ìsọ̀ tirẹ̀.

Àlímátù dá jẹ ẹ́. Bó bá jẹ díẹ̀, á sinmi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò tíì jẹ ẹ́ tán nígbà tí aboyún kan dé, tó ń wo ojú rẹ̀ tìfura-tìfura.

"Àìsàn ló ń ṣe ojú mi, ìyàwó," ni Àlímátù wí. "Inú mi dùn sí ẹ."

Obìnrin náà jókòó, ó ní òun fẹ́ wo fìlà ìkókó.