Ata Eyín Èkúté

Ìyá Sírájúdéènì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ata a máa kọ́ ìwà aládùúgbò rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni. Yàrá wa kọjú síra ní àdúgbò Jojú nígbà tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ irin. Ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbin ata kan tí n kò rí níbòmíràn rí: ó rí ṣóńṣó, ó kéré bí eyín èkúté, orúkọ tí wọ́n ń pè é náà nìyẹn. Bó bá gbó tán, funfun náà ni. Ẹyọ kan ṣoṣo ti tó fún ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tó ń padà sí Ìwó, ó gbé hóró ata náà sílẹ̀ níwájú mi, nítorí a kì í fi ata lé ara ẹni lọ́wọ́, kí ìjà má baà dé.

"Àdùkẹ́, mo mú ìdajì lọ sílé. Má gbin ata mìíràn sítòsí rẹ̀ o. Bí tèmi bá run, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó ti wá gbà á."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́. Mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nígbà náà, mo sì fọwọ́ ara mi kọ orúkọ ata náà sára ìgò tí mò ń kó hóró rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀ṣì kan ra ilẹ̀ ẹ̀yìn wa. Wọ́n mọ ògiri, ó wá ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ márùn-ún péré fún mi.

Ní Ìyànà Ìyèsí, níbi tí mo ti ń ta ata fún àwọn tó ń se oúnjẹ fún ọmọ yunifásítì, Tẹjúmọ́lá olóúnjẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Fúnmi, eyín ta lẹ yọ wá sọ́jà yìí? Àwọn sítúdẹ́ǹtì ò mọ èyí o! Wọ́n á ní mo fi oògùn sọ́bẹ̀. Rodo ni kẹ́ ẹ gbìn."

"Kò sí ilẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ márùn-ún péré ló kù."

"Ẹsẹ̀ márùn-ún ò gba rodo mẹ́fà? Àbí rodo ń bà yín lẹ́rù ni?"

Mo gbin rodo mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún yẹn, eyín èkúté so, funfun báláú. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán." Mo da hóró àtijọ́ nù nínú ìgò, mo kó tuntun sí i.

Nígbà tí mo gbin hóró tuntun yìí lọ́dún kejì, ohun tó so wú, ó sì pọ́n, pupa rúsúrúsú. Mo fà wọ́n tu, mo gbin ìyókù hóró inú ìgò. Bákan náà ni. Mo wá funfun kan ṣoṣo láàárín wọn títí, n kò rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Ìyá Sírájúdéènì dé, ó ti ń fi ọ̀pá tilẹ̀.

"Tèmi ti run, Àdùkẹ́. Òjò pa á. Mo ti wí fún gbogbo ilé pé ó wà lọ́dọ̀ rẹ."

Mo kúnlẹ̀. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀. Ó já ata kan, ó fọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án.

"Rodo."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ló kéré..."

"Mo ti wá a dé Ẹdẹ, mo wá a dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí mọ́."

Mo ní kó jókòó jẹun. Ó ní mọ́tò Ìwó kò ní pẹ́ gbéra. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí díẹ̀. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń dán máíkì wò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Kò bojú wẹ̀yìn.