Oúnjẹ Ọ̀sán Hikmat

Èmi Asiata, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ládùúgbò wa l'Ọ́fà pé ẹnu mi mú. Ẹni tó bá jẹun lọ́sàn-án Ramadan lójú mi, yóò gbọ́ tèmi. Ẹnu yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti àbúrò mi jẹ́.

Hikmat lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni. Lọ́dún tó kọjá, oṣù méjì gbáko ni kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í wẹ̀, oúnjẹ ò wù ú, ó kàn ń sunkún. Mo ní ọ̀lẹ ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti fi bí ọ̀sẹ̀ kan ránṣọ láìsùn, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, a sì ń yìn ín pé ó tẹpá mọ́ṣẹ́. Dókítà ló là wá lóye pé àìsàn kan náà ni méjèèjì: á gbé ọkàn èèyàn ròkè, á tún já a lulẹ̀. Ó ní irú rẹ̀ máa ń wà nínú ẹbí. Mo rántí àbúrò ìyá wa tó wà n'Íjàgbó, tí òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún Hikmat lóògùn àárọ̀ àti ọ̀sán, wọ́n ní kó máa jẹun, kó sì máa mu omi dáadáa. Ara rẹ̀ balẹ̀.

Ramadan dé. Mo rí Hikmat tó ń gbààwẹ̀, mo yìn ín. N kò béèrè oògùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo bá a nídìí maṣíìnì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti gé aṣọ oníbàárà mẹ́fà pa pọ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Oògùn rẹ̀ ò dín látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Ní ọsibítù, dókítà bi í pé ta ló ní kó má lò ó. Ó wojú mi.

"Kò sẹ́nì kan, sà."

Lóòótọ́, n kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tó jẹun lójú Asiata? Èmi tí mò ń kọ́ àwọn obìnrin ní àsàlátù pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbààwẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì tá a padà délé, mo dáná lágbàlá lọ́sàn-án gangan, tààwẹ̀tààwẹ̀. Aládùúgbò wa, Ìyá Táíyé, yọjú.

"Alhaja, ta ló fẹ́ jẹun?"

"Hikmat ni. Ara rẹ̀ ò yá, oògùn ló fẹ́ lò. Èmi ni mo sè é."

Hikmat gbé abọ́, ó forí lé yàrá.

Mo ní, "Níbo lò ń lọ? Ẹran ta lo jí?"

"Alhaja, àwọn èèyàn ń wò."

"Kí wọ́n máa wò."

Mo fa àga fún un, mo jókòó tì í, mo gbé omi dání títí ó fi gbé oògùn náà mì. Ebi ń pa mí. Inú mi dùn.