Irúgbìn Inú Ìgò Kékeré

Mo ti fi tíì pa wọ́n. Àwọn kòkòrò rere inú ìgò kékeré yẹn, àwọn tí mo sáré lọ rà ní kẹ́mísì kí wọ́n lè bá Màmá tún inú ṣe, mo dà wọ́n sínú tíì tó ṣì ń yọ èéfín, mo sì ń fi ṣíbí rò ó bí ẹni tí kò lórí. Màmá sì ti mu ún tán. Kí ni mo wá fún ìyá mi mu báyìí? Òkú kòkòrò.

Rárá. Dúró ná. Kí ni obìnrin apoògùn yẹn wí? Ó fi ìka kan ìgò náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí irúgbìn inú èèpo ni àwọn wọ̀nyí. Ṣe ni wọ́n sùn. Ooru kì í tètè rí wọn gbé ṣe, omi kíkan inú ikùn kì í rí wọn jẹ. Ìgbà tí wọ́n bá dé ìfun ni wọ́n ń jí." Wọ́n sùn ni, wọn ò kú. Tíì lásán ò lè... àbí ó lè? "Kì í tètè" ló wí. Kò wí pé kò lè.

Ọjọ́ kẹfà rèé. Ọjọ́ kẹfà tí ìgbẹ́ gbuuru ti ń gbọn ìyá mi bí ẹni ń gbọn àpò tó ti ṣófo. Èmi ni mo sì fà á. Egbò ẹsẹ̀ wọn ni mo ń bá jà. Dókítà ní kí wọ́n lo oògùn apakòkòrò, mo ń dúró tì wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, wóró kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Egbò jiná. Inú dàrú. "Oògùn yẹn ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá," obìnrin apoògùn ló ń ṣàlàyé, "ó pa kòkòrò búburú, ó pa rere mọ́ ọn." Mo lé eku, mo finá sunlé.

Kí n ránṣọ. Bí mo bá ránṣọ, n kò ní ronú. Òwú já. Mo tún un tì bọ abẹ́rẹ́. Ó tún já. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín maṣíìnì mi àti bẹ́ẹ̀dì Màmá. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, màá gbọ́. N kò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti yàgbẹ́ láti òwúrọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Ó ti ń dáwọ́ dúró. Irúgbìn ti jí. Ṣebí ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn?

Kí ló wá dé tí ojú wọn fi jìn tó báyìí... Lẹ́ẹ̀kan, mo fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn. Ó dúró gan-an bí aṣọ tí mo ṣẹ́ létí. Kò padà.

Àbúrò mi obìnrin pè láti ọ̀nà jíjìn: "Bọ̀dá mi, ẹ sọ ìgò kan di méjì." Fóònù lòun fi ń tọ́jú aláìsàn tirẹ̀. Ìgò, ìgò, gbogbo wa ń pariwo ìgò. Lọ́jọ́ tí mo ra ìgò náà, mo ti ń jáde lọ kí obìnrin apoògùn yẹn tó pè mí padà: "Irúgbìn yìí ń ranni lọ́wọ́ ni o. Ó ń bá ẹlòmíràn lára mu, ẹlòmíràn ò sì ní rí nǹkan kan. Omi ni kí ẹ dì mú, omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Bí ojú wọn bá jìn, bí wọn ò bá tọ̀ mọ́, ẹ má dúró, ilé ìwòsàn ni."

Omi kọ́ ni ìṣòro wa. Agbẹ̀bí ni ìyá mi. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn abiyamọ bí wọ́n ṣe ń po omi yẹn. Ta ló ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀? Kọ́ọ̀bù tí mo bá gbé kalẹ̀, lófìfo ni mo ń bá a. "Mo ti mu ún, ọkọ mi." Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín sí i.

Bí wọn ò bá tọ̀ mọ́... Ṣé wọ́n ti tọ̀ lónìí?

Mo dìde. Màá pe awakọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀, kó gbé wa lọ. Kí n kọ́kọ́ ṣí fèrèsé yàrá wọn, ooru ti pọ̀ jù. Wọ́n ń sùn, ètè wọn ti sán. Mo ti fèrèsé síta... èèrà. Èèrà tò gbọọrọ lẹ́nu fèrèsé, wọ́n gba ara ògiri ìta sọ̀kalẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá? Mo fi ìka kan ibi tí wọ́n ṣù jọ sí. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tọ́ ọ wò. Ṣúgà. Iyọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ń dà á nù. Agbẹ̀bí tó mọ ohun tí àìmumi ń ṣe fún aláìsàn ju èmi lọ, ó ń nawọ́ gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ó ń dà á síta. Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?

Àná. Àná tí mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo pòṣé. Òṣé kékeré ni, n kò mọ̀ pé ó jáde... irọ́ ni, mo mọ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ ò lè pè mí kó tó jáde ni, Màmá?" Wọ́n kọjú sí ògiri. "Má bínú, ọkọ mi. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo gbọ́ ọ bí ẹ̀bẹ̀. Ìpinnu ni.

Irúgbìn kankan ò dá nǹkan kan dúró. Kò sí ohun tó kù nínú Màmá tí yóò jáde ni. Ìyá mi ń fi ọwọ́ ara wọn gbẹ ara wọn bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, kí n má baà tún pòṣé.

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lajú. Wọ́n wò mí, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n tún wò mí. Wọ́n mọ̀ pé mo ti rí i.

"Iṣẹ́ rẹ pọ̀," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò ju èémí lọ.

Iṣẹ́ mi. Ìyá mi ti ka ara wọn mọ́ iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún mi... èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀.