Ohùn Bàbá Mkhize

"Ó tó! Ó tó!" Adébọ̀wálé yọ saksofóònù lẹ́nu. "Oyèbísí, kí ló ń ṣe ẹ́? Dùùrù ẹ ti yà kúrò lọ́nà."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá Wálé," ni Oyèbísí dáhùn. "Ọwọ́ mi ló ṣì."

Irọ́ ni. Bàbá Mkhize tó ń dá orin ló jábọ́ kúrò nínú ohùn, tí Oyèbísí sì yára gbé dùùrù tẹ̀ lé e kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí yìnyín ti wà nílẹ̀.

Yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Scarborough, lókè òkun, ni wọ́n ti ń gbára dì. Adébọ̀wálé, ọmọ Ìbàdàn, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Orin àwọn Súlù, tí wọ́n máa ń fi ohùn nìkan kọ nílé wọn ní South Africa, ló pò mọ́ jáàsì. Bàbá Mkhize ń dá orin, Nokuthula ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin Súlù mélòó kan ń gbè é. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá kan létí adágún.

Georgetown, ní ọ̀nà òdìkejì, ni Nokuthula ń gbé, nítorí náà mọ́tò Oyèbísí, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oshawa níbi tí Bàbá ń gbé, ni Bàbá máa ń bá lọ sílé. Lójú ọ̀nà, Oyèbísí bá a sọ̀rọ̀ títí, kò dáhùn. Ìgbà tó fọwọ́ kàn án léjìká ló tó yíjú.

"Ṣé o ń bá mi sọ̀rọ̀ ni? Etí òsì yìí ti lọ, ọmọ mi. Dókítà ní ọ̀tún náà ti ń tẹ̀ lé e."

"Ẹ ò ṣe wọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì sétí, Bàbá?"

"Mo ní i. Tí mo bá wọ̀ ọ́, gbogbo orin á máa dún bí agolo." Ó wo ojú pópó. "Má sọ fún Nokuthula. Á ní kí n jókòó sílé. Ní ìlú yìí, inú orin nìkan ni mo ti ń fi èdè mi pariwo."

Oyèbísí ṣèlérí fún un. Àmọ́ ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò sọ: Bàbá mọ̀ pé etí òun ń lọ, kò mọ̀ pé orin òun náà ti ń bá etí lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó bọ́ sórí pèpéle, Adébọ̀wálé fa Oyèbísí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o rò pé mi ò létí ni? Mo mọ̀ pé ò ń bo Bàbá láṣìírí. Mo ti bá ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Tí Bàbá bá ti ṣìnà, á pa maikirofóònù wọn. Nokuthula á máa bá orin lọ."

"Wọ́n á máa kọrin, a ò sì ní gbọ́ wọn?"

"Kí lo ní kí n ṣe? Àwọn tó fẹ́ gbé wa lọ ṣeré ní Montreal ti wà níjòkòó. Ìwọ náà mọ ohun tí mo fojú rí lórí ẹgbẹ́ yìí."

Oyèbísí rò ó wò. Bí òun bá dákẹ́, Bàbá á máa la ẹnu lásán níwájú èrò. Bí òun bá sọ̀rọ̀, òun gan-an ló gba orin lẹ́nu àgbàlagbà yẹn. Ó lọ bá a níbi tó ti ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun tí àwọn olórin Súlù máa ń wọ̀ ṣeré, ó kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti ń jábọ́ nínú orin. Èmi ni mo ń gbé dùùrù tẹ̀ lé yín."

Ìbọ̀wọ́ náà dúró sí ìdajì ọwọ́ Bàbá. "Lánàá tó o ní ọwọ́ ẹ ló ṣì?"

"Irọ́ ni mo pa, sà."

"O wá jẹ́ kí n máa yangàn lórí ohun tí mi ò ní mọ́."

Oyèbísí sọ ọ̀rọ̀ maikirofóònù náà fún un, gbogbo rẹ̀. Bàbá dìde, ó pe Nokuthula, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Oyèbísí kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó rí i tí Nokuthula fọwọ́ bo ẹnu, tó sì wá fọwọ́ kan etí òsì bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Oyèbísí.

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Nokuthula kọ ẹ̀yìn sí i, ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Nígbà tí wọ́n dé orí pèpéle, tí Adébọ̀wálé fẹ́ fẹnu kan saksofóònù, Bàbá na ọwọ́ dá a dúró. "Ohùn nìkan la máa fi kọ àkọ́kọ́ yìí."

Adébọ̀wálé wo ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Oyèbísí náà wo ọ̀hún. Bàbá dá orin náà. Àwọn elégbè sún mọ́ ọn títí tí èjìká fi kan èjìká, Nokuthula wà létí ọ̀tún rẹ̀. Láàárín orin, ohùn Bàbá rẹlẹ̀ díẹ̀. Oyèbísí di ojú. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn elégbè bá a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n ti jọ pète rẹ̀. Adébọ̀wálé mi orí sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Èrò pàtẹ́wọ́, àwọn kan dìde. Bàbá tẹrí ba. Ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ maikirofóònù kúrò lórí ọ̀pá, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn, sáàárín àwọn tó ń gbè.

Oyèbísí dúró títí Bàbá fi rí ibi dúró sí láàárín wọn, kó tó gbé ọwọ́ lé dùùrù.