Láwàní Abẹ́ Yanrìn

Ohun ìjà kan ṣoṣo ni Sumar Khan ní láyé, láwàní orí rẹ̀ sì ni.

Onígòjé ni. Bàbá rẹ̀ ta gòjé fún bàbá Girdhar Singh, olówó tí Sumar ń kọrin fún ilé rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ ta á fún bàbá bàbá Girdhar, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lọ sẹ́yìn títí dé ìran kẹtàdínlógún. Bí wọ́n bá bímọ nílé Singh, Sumar ní í kọ́kọ́ kọrin. Bí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó, òun ní í ka orúkọ àwọn baba ńlá wọn, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gun ràkúnmí wọ aṣálẹ̀ Jaisalmer ní ilẹ̀ Íńdíà títí dé orí ọmọ tó ń ṣègbéyàwó. Orúkọ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan, orí Sumar ni wọ́n wà. Nítorí èyí, ilé Singh kò lè lé e láéláé. Òun ló lè kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀, yóò tú láwàní rẹ̀, yóò tú okùn gòjé rẹ̀, yóò sì sin méjèèjì síwájú ẹnu ọ̀nà wọn. Ilé tí wọ́n bá sin láwàní síwájú rẹ̀, onígòjé mìíràn kì í kọrin níbẹ̀ mọ́, ẹni iyì kì í sì í bá wọn dána. Àfi kí baálé ibẹ̀ ṣí orí sílẹ̀, kí ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kí ó wá bẹ onígòjé pé kí ó wá hú u. Bàbá Sumar kú láìṣe é rí, Sumar náà kò sì rò pé òun yóò ṣe é.

Nígbà tó yá, Padam Singh àgbà kú. Ọdún kò yí po tí Girdhar ọmọ rẹ̀ fi kó àwọn ará Mumbai wá sórí ilẹ̀ náà. Wọ́n sọ ilé àtijọ́ di òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n kọ́ ọgọ́ta ilé tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú odò ìwẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n gbin koríko tí ń mu omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n gbẹ́ adágún, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi lé e, ní ibi tí bàbá Sumar ti kú láìfojú kan odò rí. Nígbà tí kànga abúlé gbẹ, òtẹ́ẹ̀lì ń fi táńkà gbé omi wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Àwọn obìnrin abúlé a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni òjò.

Ọ̀gá tí wọ́n fi síbẹ̀ ni Tanvi, ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Mumbai, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó fi Sumar sí ẹnu géètì kí ó máa ta gòjé fún àwọn tó ń wọlé. Ó fún un ní láwàní pupa tí òtẹ́ẹ̀lì rán. Sumar gba géètì, ṣùgbọ́n ó dá láwàní padà, ó ní òun ní tòun.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ọjọ́ ìgbéyàwó Kesar, ọmọbìnrin Girdhar. Inú Sumar dùn. Ó fi ìfun ewúrẹ́ ṣe okùn tuntun, ó sì lọ bá Girdhar kí ó bi í ìgbà tí òun yóò wá ka orúkọ. Girdhar yìí, orí itan Sumar ló ti kọ́ ìjókòó. Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jókòó ní géètì bí ẹ ṣe máa ń jókòó. Olórin ń bọ̀ láti Mumbai.”

“Ta ni yóò wá ka orúkọ àwọn baba yín, olówó mi?”

“Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ fi ń kà á. Ará Delhi ni àwọn àna mi. Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ orúkọ òkú níbi ìyàwó?”

Ó dun Sumar wọ egungun. Ṣùgbọ́n àgbà kì í ti orí ìbínú fò sórí láwàní. Ìkìlọ̀ ní í kọ́kọ́ wà. Onígòjé tí inú ń bí a máa dákẹ́ ni. Bí ó bá ti gbé gòjé lé itan tí kò ta á, ilé olówó rẹ̀ yóò gbọ̀n, wọn yóò sáré wá bi í ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Sumar fi dákẹ́ ní ẹnu géètì. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Ní ọjọ́ kejìlélógún, Tanvi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, Sumar sì rò pé ẹ̀bẹ̀ ti dé. Tanvi ní òun wá dúpẹ́ ni. Ó ní àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀ báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí wọ́n lè ya fọ́tò láìsí ariwo.

Nílé, ó sọ fún Sugni ìyàwó rẹ̀ pé òun yóò sin láwàní. Sugni ń fọ ìkòkò pẹ̀lú yanrìn, nítorí omi kò tó.

“Bàbá ọmọ mi,” ó ní, “ilé tí kò mọ̀ pé ẹ dákẹ́, ṣé láwàní ni wọn yóò wá mọ̀?”

“Girdhar lè gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ Padam Singh kò ní gbàgbé.”

Sugni kàn ń fi yanrìn ha ìkòkò lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, ní aago márùn-ún, bí ọkọ ìyàwó ti ń bọ̀ lórí ẹṣin tí ìlù ń dún, Sumar bọ́ sí àárín ọ̀nà níwájú géètì. Ó tú láwàní rẹ̀, mítà mẹ́sàn-án aṣọ, títí orí funfun rẹ̀ fi hàn sí gbangba. Ó já okùn gòjé. Ó fi ọwọ́ gbẹ́ yanrìn, ó sin gbogbo rẹ̀, ó sì wo ojú Girdhar tó dúró láti pàdé ọkọ ìyàwó.

“Girdhar ọmọ Padam, láti òní lọ, n kò mọ̀ ọ́. N kò mọ baba rẹ.”

Ìyá àgbà ọkọ ìyàwó nìkan ló yé. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní kí gbogbo wọn yí padà kíákíá, ilé yìí ti bàjẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan rọra gbé e sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé àlejò káàkiri. “Eré ni wọ́n ń ṣe, Màmá,” ó ní. Àwọn yòókù na fóònù sókè, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Girdhar wá sí abúlé. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà gẹ́lẹ́ bí àṣà ti wí. Ó ní, “Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ wá hú u.” Omi bọ́ lójú Sumar. Ó wo Sugni bí ẹni tí ó jàre, ó sì tẹ̀lé Girdhar. Ní ẹnu géètì, ó hú láwàní jáde, Girdhar sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé e fún un. Ìgbà náà ni àtẹ́wọ́ dún. Sumar yíjú, ó rí àga ogójì tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, àlejò lórí gbogbo wọn, pẹ̀lú ohun mímu tútù lọ́wọ́.

Tanvi ní àwọn tó ti wo fídíò tí wọ́n ya níbi ìgbéyàwó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ó ní aago márùn-ún ni wọn yóò máa ṣe eré náà lójoojúmọ́. Girdhar yóò máa bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà àwọn yóò gba òṣèré láti Jodhpur kí ó máa ṣe é dípò rẹ̀. Sumar wo Girdhar. Girdhar ń gbọn yanrìn kúrò ní orúnkún.

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ṣebí ẹ ní ká má gbàgbé àṣà.”

Sumar lọ sílé, ó ní òun kò ṣe. Ní ọjọ́ Ẹtì, táńkà omi kò wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Kò sí ẹni tó rán iṣẹ́, kò sí ẹni tó halẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé gbé ìkòkò òfìfo wá sí ẹnu ọ̀nà Sugni, wọ́n jókòó, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ ọwọ́ kan nínú wọn kò lágbára láti sunkún mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kejì, Sumar lọ sí géètì ní aago márùn-ún. Táńkà dé kí oòrùn tó wọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́wàá ṣe kọjá. Ó ń sin láwàní pupa ti òtẹ́ẹ̀lì àti okùn rọ́bà, òṣèré ń bẹ̀ ẹ́, ó ń hú u. Ní ọjọ́ kan, ẹni tó ń bomi rin koríko ló sọ fún un pé Kesar ti bímọ ọkùnrin nílé bàbá rẹ̀, ó ti di ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò pe Sumar kí ó kọrin ìbímọ. Ó lọ sílé, ó gbé láwàní bàbá rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, pẹ̀lú okùn ìfun tí bàbá náà fi sílẹ̀.

Ní aago márùn-ún, ó dúró níwájú àga ogójì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gun ràkúnmí wọ aṣálẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó pe èkejì, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni, kò fo ẹyọ kan, itọ́ àti omijé ń dà sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó dé orí Padam tí ó fẹ́ràn, ó kọ òun náà sílẹ̀. Ó dé orí Girdhar. Ó dé orí ìkókó tí kò tíì ní orúkọ, ó ní kí ilé tí wọ́n bí i sí di ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ọmọ ta ni í ṣe. Ó sin láwàní bàbá rẹ̀. Òṣèré ará Jodhpur gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó dúró gbagidi.

Ogójì ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí; obìnrin kan ń nu ojú. Lókè, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́, Girdhar gbé ìkókó náà dání, ó mú ọwọ́ rẹ̀ kékeré, ó ń fi juwọ́ sí Sumar.

Tanvi sáré wá, ojú rẹ̀ ń dán.

“Bàbá, tòní ló dára jù. Orúkọ wọ̀nyẹn, ẹ máa kà wọ́n lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Ẹni tó ń bomi rin koríko wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ó hú láwàní bàbá Sumar jáde, ó gbọn yanrìn rẹ̀ dànù, ó sì fi kọ́ èèkàn géètì fún ọjọ́ kejì.