Àwọn Ìwé Ara Fíríìjì

Mẹ́rìnlá nínú ogójì. Corinne Haskett wo nọ́ńbà náà lójú kọ̀ǹpútà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Nọ́ńbà ò yí padà. Tressa Wynn, ọmọ tó ti ń gba márùndínlógójì, tó ń gba méjìdínlógójì láti oṣù kẹwàá, ló gba mẹ́rìnlá nínú ìdánwò ìpínlẹ̀ lórí ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá dijú tó kàn ń fi ìka tẹ ìdáhùn á gba mẹ́wàá.

Ká ní ìyẹn nìkan ni, ì bá sàn. Ohun tó ń dun Corinne wà nínú fáìlì. Ní oṣù kìíní, nígbà tí wọ́n jókòó láti tún ìwé àdéhùn tó sọ irú ìrànlọ́wọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe fún ọmọ náà yẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ ló kó àwọn máàkì náà sórí tábìlì, tó ní Tressa ti kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Àṣeyọrí kì í pọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé ń ni lára. Tó bá rí ọ̀kan, á fẹ́ fi yangàn díẹ̀. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án, Tressa ò ní máa wá sí yàrá kékeré tí Corinne ti ń kọ́ wọn mọ́. Kíláàsì ńlá ni yóò wà pẹ̀lú ọgbọ̀n ọmọ mìíràn, láìsí ẹni tí yóò jókòó tì í. Opal Wynn, ìyá àgbà rẹ̀ tó ń tọ́ ọ, fọwọ́ sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọmọ ọdún méjìlá ni Tressa, ohun tí ọmọ ọdún méje ń kà ni òun náà lè dá kà. Inú ibú ni wọ́n fẹ́ jù ú sí yẹn, ìyà àfọwọ́fà sì ni fún Corinne.

Ó gba ọ́fíìsì Dunleavy lọ, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Dunleavy kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ẹgbẹ̀rin ọmọ ló wà lọ́rùn rẹ̀, kì í sì í fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ wọ́n di ẹgbẹ̀rin àti ọ̀kan. Ó ti wo ìdánwò náà nínú kọ̀ǹpútà: ogún ìṣẹ́jú péré ni Tressa fi tẹ gbogbo rẹ̀ tán, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi bo etí rẹ̀, tí ohùn ẹ̀rọ ń ka ìbéèrè sí i.

"Ẹni tó gba méjìdínlógójì ní oṣù kẹta ò lè ṣàdédé gọ̀ ní oṣù karùn-ún," ó ní. "Kò fẹ́ ṣe é ni, Corinne. Ọ̀lẹ ni. Mi ò lè tìtorí ọ̀lẹ ṣí ìwé tá a ti fọwọ́ sí."

Corinne padà sí yàrá kékeré rẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń mú omi gbóná. Ọmọ mẹ́rin ló ń wá síbẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í dúró lórí wọn, ohun tí wọ́n lè dì mú ló fi ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí ìyàn Jamestown, ìletò àwọn Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo gbígbẹ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì gé awọ bàtà àtijọ́ fún wọn pé kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n jẹ lọ́dún náà nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹṣin tán, tí wọ́n jẹ ajá, tí wọ́n jẹ eku. Nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn ló wọ inú ìgbà òtútù yẹn, ọgọ́ta ló jáde. Odò James kan náà ni àwọn ọmọ ń rí láti inú bọ́ọ̀sì láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ nípa ọkọ̀ tó kó nǹkan bí ogún ọmọ Áńgólà wá lẹ́rú, tí wọ́n fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ ní etí omi, Tressa, tó jẹ́ pé bóyá ìran àwọn yẹn ló ti wá, ló nawọ́.

"Àwọn tí wọ́n fi gba oúnjẹ yẹn, mà, ta ló wá fún àwọn fúnra wọn lóúnjẹ?"

Corinne ní òun ò mọ̀, pé ìwé ò sọ.

Ìwé àdéhùn Tressa ní kí wọ́n máa ka ìdánwò sí i létí, ìbéèrè àti àwọn ìdáhùn tó máa yàn nínú wọn, Corinne ló sì ń kà á. Òfin kan sì rọ̀ mọ́ ọn: ẹni tó ń kà á kò gbọdọ̀ gbé ohùn sókè níbì kan kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbòmíràn, kò gbọdọ̀ fojú sọ nǹkan kan. Corinne mọ òfin náà bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì gbà pé òun ń pa á mọ́. Tressa máa ń gbé àga rẹ̀ wá sí ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an. Kì í wo ìwé. Ó ní òun máa ń gbọ́ dáadáa tí òun bá ń wo tíṣà, inú Corinne sì dùn sí i, torí ọmọ mélòó ló ń wo tíṣà mọ́? Nílé, Opal Wynn ń lẹ gbogbo ìwé ìdánwò náà mọ́ ara fíríìjì, títí wọ́n fi bo ilẹ̀kùn rẹ̀ pátá.

Lọ́jọ́ kejì, Corinne mú Tressa nìkan wọlé, ó ní kí àwọn méjèèjì tún ìdánwò náà ṣe. Ó ka ìbéèrè méje, Tressa gba méjèèje. Ọkàn Corinne balẹ̀ díẹ̀. Ó lè jẹ́ Dunleavy ló jàre. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹjọ, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé sí i lójú, ó dìde lọ fa aṣọ fèrèsé, ó sì ń kà á lọ bó ṣe kọ̀yìn sọ́mọ. Ó kà á tán. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ kọjú síbí, mà," Tressa wí.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ẹ ṣáà kọjú síbí."

Corinne ò kọjú síbẹ̀. Ó ní kí Tressa dáhùn bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn, kò gbà á. Corinne padà jókòó, ó fi ìwé bojú bíi pé ojú ń ta á, ó ka mẹ́rin sí i. Tressa gba ẹyọ kan. Ó wá gbé ìwé náà sílẹ̀, ó tún ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà lójúkojú, kò sì tíì ka ìdáhùn kẹta tán tí ọmọ náà fi ní òun nìyẹn. Ó gba gbogbo rẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ó ṣáà máa ń wá sí mi lọ́kàn, mà. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibẹ̀, màá kàn mọ̀." Inú rẹ̀ ń dùn.

Corinne lọ sí ilé ìtọ̀ àwọn olùkọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró síwájú dígí, ó ń ka àwọn ìbéèrè náà àti ìdáhùn wọn sí ara rẹ̀. Ó rí i. Bí ó bá ti kan ìdáhùn tó tọ̀nà, ìpéǹpéjú rẹ̀ á gbéra, ẹnu rẹ̀ á sì là díẹ̀, bí ìyá tó ń fún ọmọ lóúnjẹ ṣe máa ń la ẹnu tirẹ̀ náà. Ó fagbára mú un, ó tún kà á, ó tún ṣe é. Odindi ọdún kan ni Tressa fi kẹ́kọ̀ọ́ tọkàntọkàn, ojú Corinne ló kọ́. Ohùn ẹ̀rọ ò lójú tó máa wò.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà á. Olùkọ́ tó bá tọ́ ọmọ sọ́nà nínú ìdánwò tí wọ́n fi pinnu ìwé àdéhùn lè pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀, ọdún kejìlélógún rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tressa á kàn di ọ̀lẹ, á wọ inú kíláàsì ńlá, á sì rì síbẹ̀ láìpariwo. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rò ó, kò sì jẹ́ ohun ìyìn pé ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kọ̀wé pé kí wọ́n pe ìpàdé.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn sáà ni wọ́n jókòó. Opal Wynn mú Tressa dání, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Corinne bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ dúró níta ná.

"Rárá o, tíṣà," ìyá àgbà wí. "Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lẹ fẹ́ sọ. Á jókòó gbọ́ ọ."

Corinne sọ ọ́. Ó sọ ti fèrèsé, ó sọ ti dígí, ó ní kí wọ́n dá gbogbo wákàtí ìrànlọ́wọ́ ọmọ náà padà, nítorí pé Tressa kò tíì lè dá lọ. Dunleavy dé kálàmù rẹ̀, ó tún ṣí i. Opal yíjú sí Corinne.

"Gbogbo èyí tó wà lára fíríìjì mi ńkọ́?"

"Èmi ni mo gbà á, mà. Kì í ṣe òun. Kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀."

Dunleavy ní wọ́n á dá wákàtí náà padà. Ó wá ní òun gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá òkè. Kò wo Corinne bó ṣe ń sọ ọ́. Corinne ti retí ìyẹn. Ó tiẹ̀ ti fẹ́ mí kanlẹ̀ nígbà tí Tressa, tí kò sẹ́ni tó rántí láti wò, sọ̀rọ̀.

"Tíṣà Haskett, ṣé mi ò wá mọ ìkankan nínú ẹ̀ ni?"

Ó gbójú lé Corinne bó ṣe máa ń ṣe. Corinne ò jẹ́ kí ojú òun sọ nǹkan kan, bí òfin ṣe wí, ó fa ìpéǹpéjú sílẹ̀, ó pa ẹnu dé. Kò sí ohun tí ọmọ náà mọ̀ láyé bó ṣe mọ ojú yẹn. Ó wò ó díẹ̀, ó rí ìdáhùn rẹ̀ níbẹ̀, ó sì mi orí bó ṣe máa ń mi orí tó bá ti gba ọ̀kan.

"Ó dáa, mà." Ó yíjú sí ìyá àgbà rẹ̀. "Tá a bá délé, ẹ jẹ́ ká já àwọn ìwé ara fíríìjì yẹn."

Ìgbà yẹn ni Corinne rántí ìbéèrè tí Tressa bi í lọ́jọ́ ọkọ̀ àwọn ọmọ Áńgólà, èyí tí kò sí ìdáhùn rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé orí Tressa fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Ó fẹ́ sọ fún un. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Tressa ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀, kò sì gbójú sókè mọ́.