Ẹran Tí Mo Lọ̀ fún Bàbá

Olè ni wọ́n ń pè mí nílé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi Àlímọ̀t tí n kò jí abẹ́rẹ́ rí. Wọ́n ní mò ń jẹ ẹran bàbá ọkọ mi mọ́ ọn lójú.

Ẹ wo ọ̀ràn! Eyín bàbá ọkọ mi yìí, Bàbá Mọ̀núrù, ti ká tán, ohun gbígbóná sì máa ń ta á lẹ́nu. Lójoojúmọ́ ni mò ń ra ẹran lọ́jà Sandgrouse, tí mò ń lọ̀ ọ́ kúnná, tí mò ń pò ó mọ́ ọbẹ̀, tí mo sì ń jẹ́ kó tutù. Ẹran tó bá kúnná tó tún tutù kì í ta sánsán, kò sì sí ohun tí èèyàn máa rún tí adùn rẹ̀ á fi jáde. Bàbá á gbé e mì, á ní òun ò rí ẹran.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Síkírù ọkọ mi ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá Bàbá níbi tó ti ń fi ọ̀pá gbá mi léjìká. Ó fi ìka kan ọbẹ̀ tútù náà, ó tọ́ ọ wò.

"Ẹran dà níbí?"

"Bàbá Ganiat, ó wà níbẹ̀. Mo lọ̀ ọ́ ni!"

Ẹ̀ṣẹ́ ló fi dá mi lóhùn. Eyín mi méjì bọ́ sílẹ̀. Ó wọ́ mi dé ẹnu ọ̀nà níṣojú gbogbo agboolé.

"Máa lọ sílé bàbá ẹ l'Ẹ́pẹ̀tẹ́dó! Ganiat ò ní bá olè lọ!"

Ọmọ èmi àti Síkírù ni Ganiat, ọdún méjì péré ló jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ya mí ní wèrè. Mo já ara mi gbà, mo fa igi iná yọ nínú ààrò, mo gbá Síkírù lápá, ó ké.

"Ẹni tó bá sún mọ́ mi, màá jó o lójú!"

Mo gbé ọbẹ̀ kan náà ka iná, ẹ̀jẹ̀ ń kán lágbọ̀n mi. Nígbà tó hó, òórùn ẹran gba gbogbo àgbàlá. Àwọn ìyàwó ilé ń wo ara wọn. Mo bù ú fún Bàbá. Ó fẹ́ ẹ, ó fi í sẹ́nu, ó rọra ń yí i kiri, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹran ni. Yéè, Síkírù, ẹran ni!"

Síkírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá na ọwọ́ sí mi.

"Àlímọ̀t, jọ̀ọ́, má lọ. Ta ni á máa lọ ẹran fún mi?"

Kò sẹ́ni tó béèrè eyín mi. Inú bí mi ju ti ìgbà tí wọ́n ń lù mí lọ. Mo tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, mo pọn Ganiat, kò sẹ́ni tó dá mi dúró.

"Bàbá, eyín Síkírù ṣì pé lẹ́nu ẹ̀. Ẹ ní kó máa bá yín rún un."